Ohùn Inú Bàálù Àlòkù

Dúrósinmí yí bàálù kékeré náà ká, ó fẹsẹ̀ ta táyà rẹ̀ bí ẹni tó ń ra mọ́tò. Bí òun àti Láńíhùn tó ń tà á ṣe wọ inú rẹ̀ báyìí, ohùn ìyá àgbà kan dún lókè orí wọn: "Àjọkẹ́, ṣé o ti jẹun?"

Láńíhùn rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú, ọ̀gá. Màmá tó ni ín tẹ́lẹ̀ ló fi ohùn ara wọn sí i. Àjọkẹ́ lọmọ wọn. Tí ẹ ò bá dáhùn, bàálù ò ní gbéra. Ṣé kí n pa ohùn náà rẹ́?"

Dúrósinmí wo iwájú. Kò sí àyè awakọ̀ níbẹ̀, bí kò ti sí nínú bàálù kankan mọ́ látìgbà tí wọ́n ti ń dá fò. Ó wo àwọn ìjókòó tó ṣófo lẹ́yìn.

"Má pa á rẹ́. Orúkọ yẹn nìkan ni kó o yí padà. Àdìgún ni kó máa pè mí."

Oríkì rẹ̀ nìyẹn. Látìgbà tí wọ́n ti sin ìyá rẹ̀, kò sẹ́ni tó fi pè é mọ́.

Láńíhùn tún un ṣe, ó bọ́ sílẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn.

"Àdìgún, ṣé o ti jẹun?"

Láti àárọ̀, omi nìkan ló kan ẹnu rẹ̀. "Mo ti jẹun, Màmá," ló fi dáhùn, bó ṣe máa ń purọ́ fún ìyá rẹ̀ nígbà tó bá ń kánjú jáde nílé. Ó wá ń retí kí ohùn náà sọ pé irọ́ ló ń pa, kó ní kó padà wá jókòó ti oúnjẹ.

Bàálù náà gbà á gbọ́. Ó gbéra.