Ẹ Kúnlẹ̀ fún Bakitéríà

Kí Ìbídùn tó lè gba oògùn ikọ́ fún ọmọ rẹ̀ nílé ìwòsàn, ó kọ́kọ́ ní kí ọmọ náà yanu, ó sì kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ẹ̀yin bakitéríà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. A fẹ́ lo oògùn sí yín."

Òfin ni. Bakitéríà ti dáyé ṣáájú èèyàn, àgbà wa ni wọ́n. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan ṣèèṣì pè wọ́n ní "ìwọ", nọ́ọ̀sì sì ti àpótí oògùn mọ́ ọn lójú.

Nọ́ọ̀sì náà wo ẹ̀rọ àyẹ̀wò.

"Ẹ dìde, Ìyá Démiládé. Fáírọ́ọ̀sì ni. Òun ò sí lára ohun alààyè. Kò lè dá bímọ, inú ara ẹlòmíì ló ti ń bímọ. Torí náà, kò sí 'ẹ' fún un. Ẹ bú u bó ṣe wù yín."

"Oògùn rẹ̀ ńkọ́?"

"Kò sí. Èébú nìkan ló wà."

Ìbídùn gbọn eruku orúnkún rẹ̀. Ó fi aṣọ tútù lé ọmọ náà níwájú orí, ó wá kọjú èébú sí fáírọ́ọ̀sì náà.

"Ìwọ ọmọ àlè yìí, ta ló bí ọ?"

Démiládé ló wúkọ́ dáhùn.