Télọ̀ Ò Tíì Ta Tirẹ̀

"Ìwọ ló kàn."

Ohun tí fóònù télọ̀ ń kọ sójú nìyẹn láràárọ̀, kó tó fẹsẹ̀ tẹ máṣíìnì.

Eré ìbọn, kíá-kíá, ni tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fẹ́ràn ṣẹ́ẹ̀sì, eré ogun tí àwọn méjèèjì jọ ń ta lórí fóònù: èèyàn á ta tirẹ̀, á wá fọwọ́ lẹ́rán títí ẹnì kejì á fi ta.

"Jẹ́jẹ́, àbúrò mi," ni ẹ̀gbọ́n máa ń wí. " Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Oníbàárà kan yọjú wo fóònù.

"Àǹtí, ẹṣin yìí lẹ máa sún! Ọjọ́ wo lẹ fẹ́ ta tiyín?"

"Mò ń rò ó ni."

Irọ́ ni. Ó ti mọ ibi tí ẹṣin náà ń lọ kí wọ́n tó sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Tó bá ta báyìí, ẹ̀gbọ́n ló kàn, fóònù á sì dákẹ́.

Bí ò bá ta, ẹ̀gbọ́n ṣì ń dúró dè é.