Ẹnu Adájọ́

Ní ọjọ́ kẹta oṣù kejì ọdún 1911, Gerda kú. Anselm, ọkọ rẹ̀, ń ya àwòrán ìfiniṣẹ̀sín fún ìwé ìròyìn kan ní ìlú Mùníìkì, ní Jámánì. Àwòrán kan ṣoṣo ló yà rí láì fi ẹnikẹ́ni ṣẹ̀sín: ojú Gerda tó ń rẹ́rìn-ín. Ó gbé e kọ́ sára ògiri lẹ́yìn àga rẹ̀. Kò ní ohun mìíràn tó lè fi rántí ẹ̀rín náà.

Lálẹ́ ọjọ́ ìsìnkú, ọkùnrin kan wọlé. Yìnyín ń bọ́ níta, síbẹ̀ bàtà rẹ̀ gbẹ. Ó fi ìborùn di ẹnu.

"Èmi ni adájọ́ tí o ya ẹnu ọ̀pọ̀lọ́ fún nínú ìwé ìròyìn. Àwọn ọmọ mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí mo fi wọ sàréè. Tún ẹnu mi yà."

Iwájú Anselm ni ọkùnrin náà dúró sí, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn Anselm, níbi tí àwòrán wà, ni ohùn náà ti ń wá.

Anselm kò dìde. "Olúwa mi, ẹnu tí ẹ fi rán aláìṣẹ̀ lọ sẹ́wọ̀n ni mo yà. Ẹ máa lọ."

"Nígbà náà, màá mú èyí tí o yà dáadáa."

Ó tú ìborùn. Ẹnu Gerda ló wà lójú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

Iná fìtílà mì. Nígbà tó dúró, ohun tó kù ni ìborùn kan nílẹ̀, ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀, àti àwòrán Gerda, láìlẹ́nu.