Àgbò Ológun Pa Àwọn Àparò Lẹ́nu Mọ́

Àlọ́ mi rìn títí, ó dúró lẹ́nu àgò ńlá tí Ẹkùn kó àwọn Àparò tó mú lóǹdè lójú ogun sí. Wọn ò gbọ́ràn mọ́. Wọ́n ń fẹnu ṣá ẹ̀ṣọ́ lójú. Ẹkùn bá rán Àgbò, tí òun náà ti jẹ́ òǹdè kó tó di ológun, pé kó lọ kápá wọn. Orin ló bá lẹ́nu wọn:

Ilé wa dà?
*Lódìkejì odò.*
Ìyá wa dà?
*Lódìkejì odò.*

Àgbò ní, "Orin yìí ló ń kì yín láyà. Ẹ dákẹ́!"

Wọ́n dákẹ́, àgò tòrò. Àmọ́ koríko ò lọ lọ́nà ọ̀fun Àgbò mọ́. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i."

Àgbà Àparò ní, "Ọ̀gá wa, ilé ló ti ń dùn. Ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ ó gbọ́ ọ."

Ó ṣí i. Wọ́n fò lọ, orin sì dún wá lóòótọ́. Àgbò gbọ́ ọ tán. Ìyá tirẹ̀ ò sí lódìkejì odò.

Àpọ̀jẹ tí àgbò ń jẹ títí dòní, orin náà ló ń kọ sínú.