Nẹ́tíwọ́kì Tí Gbogbo Wọn Fẹnu Kò Lé Lórí

Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí o.

Mo fẹ́ ra láìnì fún àwọn tó ń bá mi ránṣọ ní Okokomáíkò, kí a lè máa pe ara wa lọ́fẹ̀ẹ́.

Àwọn tó ń jà lórí fáànù lójoojúmọ́, nẹ́tíwọ́kì kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń pariwo!

Ara fu mí.

Dáúdà, ọ̀kan nínú wọn, ní, "Màdáámù, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń ṣiṣẹ́ ní Ajangbadi náà."

Mo dán an wò. Òótọ́ ni.

Àmọ́ mo rántí pé nígbà tí wọ́n wá jẹran Iléyá nílé mi ní ẹsíteètì Ìbà, ńṣe ni wọ́n ń gbé fóònù sókè káàkiri pálọ̀. Wọ́n ń ya fọ́tò dúkìá mi! Wọn ò ní rí mi gbé ṣe.

Mo ṣáà rà á. Èmi náà yí láìnì mi padà.

Lónìí, ọjọ́ Sọ́ńdè, mo jí ní ìdájí, mo fẹ́ pe Dáúdà kó wá parí aṣọ oníbàárà, bí mo ṣe máa ń ṣe.

Fóònù ò lọ.

Mo gbé e sókè ní pálọ̀. Mo gbé e sókè ní yàrá.

Kò lọ.

Háà! Kì í ṣe fọ́tò ni wọ́n ń yà lọ́jọ́ Iléyá.

Nẹ́tíwọ́kì tí kò dé ilé mi ni wọ́n ń wá.