Kẹ̀kẹ́ Tí Aulis Fi Omi Gbígbóná Fọ̀

Ẹ má fò ó kọjá o. Ẹ fara balẹ̀ kà á títí dé ìsàlẹ̀, pàápàá ìwọ tó jẹ́ pé "kò sí nǹkan kan" ló máa ń wà lẹ́nu rẹ ṣáá. Ìlú Oulu ló ti ṣẹlẹ̀, níbi tí tọmọdé tàgbà wa ti ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́ nínú yìnyín.

1.
Aulis kì í ṣe ọ̀lẹ. Ọdún méjì ló fi jókòó sílé lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ bébà tó ti ń ṣiṣẹ́ kógbá sílé. Ó kọ lẹ́tà títí ó fi sú u, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Sirkka, ìyá àgbà tí ilé wọn jọ kángun síra, ló gbà á sílẹ̀. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí ìyá yìí ti ń po ìyẹ̀fun ní ilé iṣẹ́ búrẹ́dì kan ní òdìkejì ìlú. Ó lọ bá ọ̀gá, ó bẹ̀ ẹ́, ó fi orúkọ ara rẹ̀ dúró fún Aulis.

Ọ̀gá gbà, ṣùgbọ́n ó ní: "Aago méje òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Tó bá fi ìṣẹ́jú kan pẹ́, kó má wulẹ̀ wọlé."

Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni Aulis. Lọ́jọ́ tó gbọ́, ó sunkún bí ọmọ ọwọ́.

2.
Kò ní mọ́tò. Kẹ̀kẹ́ eré ìje kan ló kù ú kù, pupa, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tó rà nígbà tí nǹkan ṣì ń lọ dáadáa. Ó bọ́ táyà ẹ̀ẹ̀rùn kúrò, ó fi táyà oníṣòó wẹ́wẹ́ sí i kó má baà máa yọ̀. Ó so iná mọ́ iwájú àti ẹ̀yìn. Ó fi ọ́ìlì sí ṣéènì. Sirkka wá wò ó, inú rẹ̀ dùn.

"O káre, ọmọ mi. Ó ku nǹkan kan. Inú òtútù ni kó máa sùn o. Má gbé e wọlé, má sì fomi kàn án. Tí omi bá wọnú wáyà bíréèkì, ibẹ̀ ló máa dì sí."

"Màmá, ẹ̀yin àti kẹ̀kẹ́ yín tó ti dípẹtà yẹn! Ṣé ẹ tiẹ̀ ti fọ̀ ọ́ rí látìgbà tẹ́ ẹ ti rà á?"

"Mi ò fọ̀ ọ́. Ó ń gbé mi lọ, ó sì ń gbé mi bọ̀."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín.

3.
Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, Aulis dáná sí ilé ìwẹ̀ olóoru tó wà lẹ́yìnkùlé, bí gbogbo wa ṣe ń ṣe. Ó wẹ̀ tán, ojú rẹ̀ bá lọ sára kẹ̀kẹ́. Ẹrẹ̀ àti iyọ̀ ojú ọ̀nà ti bò ó. Ó ro ti àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n máa wò ó láti ojú fèrèsé lọ́jọ́ kejì. Ó ní òun ò ní gbé ìdọ̀tí lọ bá wọn. Ló bá gbé kẹ̀kẹ́ wọnú ilé ìwẹ̀ náà, ó da omi gbígbóná lé e lórí, ike kan, ike méjì, ike mẹ́ta. Kẹ̀kẹ́ ń dán gbinrin.

Ó yẹ kó jẹ́ kó gbẹ níbi ooru, ó kéré tán fún ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ti rọ̀, oorun ń kùn ún. Ó ní, "Kò sí nǹkan kan." Ó gbé e padà síta, sínú òtútù tó ń dá omi dúró kí ó tó balẹ̀.

4.
Òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ó ku ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí aago méje lù. Aulis tẹ bíréèkì ọwọ́ ọ̀tún. Ó le bí òkúta. Ó tẹ tòsì. Bákan náà. Ẹsẹ̀ ò lè gbé e débẹ̀ lásìkò mọ́.

Sirkka, tí wọ́n jọ fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́, fi iná ọwọ́ rẹ̀ wo kẹ̀kẹ́ náà. "Ó mà ń dán o! Ṣé kò kan omi?"

"Rárá, Màmá. Aṣọ gbígbẹ ni mo fi nù ún."

Ẹ gbọ́ irọ́ yẹn o! Ẹni tó fi orúkọ rẹ̀ dúró fún un ló ń parọ́ fún.

Wọ́n gbéra. Oulu tẹ́jú, wàhálà ò sí, títí wọ́n fi dé ibi tí ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gba abẹ́ títì ńlá kọjá. Sirkka ló wà níwájú. Ó dẹ eré rẹ̀ nísàlẹ̀. Aulis fi gbogbo agbára tẹ bíréèkì. Kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Ó ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀, yìnyín ò dì í mú.

"Màmá, ẹ yà! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà fún mi!"

Sirkka ò yà. Ó bojú wẹ̀yìn, kó lè mọ ohun tó ń ṣe ọmọ.

5.
Kẹ̀kẹ́ Aulis kọlu Sirkka, egungun ìbàdí ìyá náà sì ṣẹ́. Aulis kúnlẹ̀ tì í lórí yìnyín, ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ bò ó, ó ń pariwo sí ẹni tó wà lórí fóònù pé kí wọ́n yára. Sirkka di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Aago mélòó ló lù?"

"Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ, Màmá."

"Máa lọ. Aulis, mo ní kó o máa lọ!"

Kò lọ. Ibẹ̀ ló wà nígbà tí aago méje lù. Kó tó di ọ̀sán, ọ̀gá ti gba ẹlòmíràn.

Ọjọ́ kẹta, ó wọlé tọ ìyá náà ní ọsibítù. Ìyá wò ó títí.

"Ṣé o fomi kàn án?"

"Mo fomi kàn án, Màmá."

Sirkka ní: "Ká ní o sọ fún mi láàárọ̀ yẹn ni, kẹ̀kẹ́ tèmi ni ǹ bá gbé fún ọ. Èmi ì bá fẹsẹ̀ rìn. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti wà níbẹ̀, wọn ò lè lé mi torí pé mo pẹ́."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, omi yẹn ò burú tó irọ́ yẹn. Gbogbo wa la máa ń ṣàṣìṣe. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá bi ọ́ pé ṣé o fomi kàn án, sọ òótọ́ ní kíá, ìbáà tiẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ máa bọ́. Ẹni tó ń bi ọ́ lè ti ní ọ̀nà àbáyọ lọ́wọ́. Ọ̀pá ìtilẹ̀ ni Sirkka fi ń rìn báyìí. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó dípẹtà ṣì wà lẹ́yìnkùlé. Láràárọ̀ ni Aulis máa ń gbọn yìnyín orí rẹ̀ dànù, kò sì tíì gùn ún rí.