Ọkọ̀ Tí Kò Fẹ́ Kí Ọmọ Lọ

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, àbígbẹ̀yìn mẹkáníìkì kó ẹrù rẹ̀ sínú ọkọ̀ àlòkù tí bàbá rẹ̀ fún un, ó yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ kọ̀ jálẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ń yí, kò sítáàtì. Ìrìn wákàtí mẹ́fà ni ibi iṣẹ́ tuntun rẹ̀, bí kò bá sì yọjú ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹlòmíràn ti wà nílẹ̀ tí wọ́n máa fún láyè rẹ̀.

Bàbá sáré jáde. Ọgbọ̀n ọdún ló ti fi ń tún ọkọ̀ ṣe. Kò kàwé rárá, Ìyá ló ń bá a kọ àìsàn ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan àti ohun tó wò ó sàn sínú ìwé.

"Bàbá ọmọ mi, ẹ má fọwọ́ kàn án o," Ìyá ké láti fáráńdà, ó ń fi ọṣẹ ìfọṣọ fọwọ́. "Ṣé ẹ máa bá a jókòó sójú títì ni? Ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe."

Bàbá kó ọwọ́ sápò. Ó ń yún un lọ́wọ́, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀.

"Yí kọ́kọ́rọ́, má yí i dópin. Kí lo gbọ́?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan, Bàbá."

"Pọ́ǹpù inú táńkì yẹ kó kùn díẹ̀. Tí kò bá kùn, iná ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Wo fíúùsì."

Ìgbà mẹ́rin lọmọ bi Bàbá léèrè kó tó rí fíúùsì náà. Ó ti yọ díẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ wọlé, ọkọ̀ sítáàtì, ṣùgbọ́n Ìyá ní ọ̀sán ti pọ́n, ó di ọ̀la.

Lọ́jọ́ Ẹtì, pọ́ǹpù kùn, ọkọ̀ tún kọ̀. Bàbá ń họ orí.

"Ogún ọdún tí mo ti ń wa ọkọ̀ yìí, kò dán irú èyí wò lọ́wọ́ mi rí."

"Àgbà ló ń dé sí i," ni Ìyá wí, ó tún ń fọwọ́.

Ọmọ gbóòórùn pẹtiróòlù, ó rá wọ abẹ́ ọkọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló béèrè, Bàbá sì fi ẹnu júwe: rọ́bà epo ti tú lẹ́nu fílítà, epo ń kán tó-tó-tó. Ọmọ tì í padà sáyè rẹ̀, ó fún un pinpin. Ọ̀sán tún ti pọ́n.

Láàárọ̀ Àbámẹ́ta, ọkọ̀ tún kọ̀, ọmọ kò dúró gbọ́ tẹnìkan. Pọ́ǹpù ń kùn. Kò sí òórùn epo. Á jẹ́ pé epo ò dé iwájú nìyẹn. Ó dùbúlẹ̀, ó ń fi ọwọ́ tẹ̀ lé rọ́bà láti ẹ̀yìn, títí ọwọ́ rẹ̀ fi ba irin. Gíríìpù Bàbá ni, ẹ̀mú irin tó kùn ní pupa, ó há rọ́bà náà mọ́ ẹnu pinpin.

Èyí kì í ṣe ti àgbà, ẹnìkan ló fi í síbẹ̀. Ó yọ ọ́, ó jáde síta, omi ti dé ojú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ ò fẹ́ kí n lọ. Ẹ̀ bá kúkú sọ fún mi!"

Bàbá wo gíríìpù. Ó la ẹnu. Ó wo fáráńdà, níbi tí Ìyá ti ń ká aṣọ, tí kò gbójú sókè. Ó pa ẹnu dé.

"Má bínú, ọmọ mi," ó wí. "Máa lọ."

Ó gbé àpótí irinṣẹ́ sí ẹ̀yìn ọkọ̀ fún un. Ọmọ yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọkọ̀ sítáàtì. Kò dì mọ́ Bàbá kó tó lọ, ó sì dùn Bàbá wọra.

Nílé epo tó wà lójú ọ̀nà, ọmọ ṣí àpótí náà láti wá àkísà. Bébà kan wà lórí àwọn sípánà:

"Ọjọ́bọ̀, fíúùsì: ó bi bàbá ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ẹtì, rọ́bà: ẹ̀ẹ̀kan. Àbámẹ́ta, gíríìpù: tí kò bá bi í rárá, kó máa lọ."

Ọwọ́ ìkọ̀wé Ìyá ni.